Olú Tí Ń Gbé Iná Relé

Orí tábìlì tí èmi àti ìyàwó mi fi ń jẹun nígbà tó wà láyé ni mo ń to olú sí báyìí. Kì í ṣe olú ọbẹ̀ o. Olú líle ni, àwọn tó máa ń yọ lára igi bíi pé igi náà hu etí. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e, ọwọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní jẹrà, eruku nìkan ni yóò bò ó. Àga tó yí tábìlì náà ká pọ̀, èmi nìkan ló sì ń jókòó níbẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bínú pé mo kó ìdọ̀tí igbó wọ pálọ̀. Ì bá wù mí kí ẹnì kan bínú.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ nípa ewéko àti ẹranko ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lónìí ní ìlú yìí, lọ́la ní ìlú yẹn, níbikíbi tí ìjọba bá ti gbé mi sí. Nígbà tí àkókò tó, mo padà sí Adja-Ouèrè, sínú ilé tí bàbá mi kọ́. Ìyàwó mi bá mi dé ibẹ̀, kò pẹ́ tó fi kú. Àwọn ọmọ wa wà ní Kútọnù àti ní òkè òkun. Wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á béèrè bóyá mo ti jẹun, èmi á ní mo ti jẹun, ọ̀rọ̀ wa á sì parí síbẹ̀. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ kí n lè rí ẹni bá jiyàn, nítorí mo fẹ́ràn iyàn, ilé náà sì dákẹ́ jù fún ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Nínú gbogbo ọmọ ìyá bàbá mi, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní abúlé kan lápá Oko-Akarè. Ìyá ni mo ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí nígbà tí àìsàn dá ìyá tó bí mi dùbúlẹ̀. Òun nìkan ló kù láyé tó ń fi oríkì mi pè mí. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi ní lékọ́ọ̀lù, ní ilé ìwé, kì í sì í ṣe “Mùsíọ̀” tí àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí, tí gbogbo àdúgbò náà gbà lẹ́nu wọn. Oríkì tí wọ́n fi kí mi káàbọ̀ sáyé ni mò ń wí, èyí tí wọ́n fi ń ki ọmọ mọ́ra nígbà tó bá ń sunkún. N kò ní kọ ọ́ síbí. Bàbá mi máa ń pè é, ìyá mi máa ń pè é, ìyàwó mi máa ń pè é nígbà tó bá fẹ́ kí n gbàgbé ìbínú. Gbogbo wọn ti lọ. Tí Ìyá bá tún lọ, kò ní sí ẹnu kankan láyé tí yóò pè é mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi á ṣì wà láàyè. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí gan-an, ó sì ń bà mí ju ẹ̀rù ikú tèmi lọ.

Olú ló ń mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí àgbàlagbà máa wá àwáwí kó tó lọ kí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, n kì í lè lọ síbì kan lásán. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, mo lọ wo oko bàbá mi ní Massè. Àwọn tó ń dá oko níbẹ̀ ti gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo dé ẹ̀bá ọ̀nà, ẹni tó ń dá ẹmu sì wà lókè ọ̀pẹ, ó kí mi láti ibẹ̀ láìwo ìsàlẹ̀. Lára igi ìyeyè kan tó ti gbó ni mo ti rí olú kan. Ó ki, ó le, ó rí gẹ́lẹ́ bíi pátákò màlúù. Àwọ̀ eérú ni orí rẹ̀, ìlà sì yí i ká, ìlà tuntun lábẹ́ ìlà àtijọ́, nítorí irú olú bẹ́ẹ̀ kì í kú lẹ́yìn òjò kan, ńṣe ló máa ń fi díẹ̀ kún ara rẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí kíláàsì. Nínú ìwé Faransé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ, olú kan wà tí wọ́n ń pè ní amadouvier. Òun ni àwọn ará ilẹ̀ olótùútù fi ń gba iná sílẹ̀ kí ìṣáná tó dé ayé. Wọ́n á ṣá òkúta mọ́ irin, ẹ̀ta iná kékeré á bọ́ sára olú náà, olú á sì gbà á mọ́ra. Ní gbogbo ọdún tí mo bá ti kọ orúkọ yẹn sójú pátákó ìkọ̀wé, àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á yíjú sí ọmọ kan lẹ́yìn kíláàsì tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́, èmi á sì máa gbá tábìlì. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò fọwọ́ kan olú bẹ́ẹ̀ rí.

Mo yọ ti ara ìyeyè náà, mo gbé e lọ fún Ìyá. N kò tí ì jókòó tán tó fi gbà á lọ́wọ́ mi, tó yí i dojú dé, tó fi èékánná ha ìdí rẹ̀.

“Pátákò nìyí,” ó ní. “Ara igi tútù lo ti yọ ọ́ ni, àbí ara igi gbígbẹ?”

Mo ní igi tútù.

“Ó dáa. Ti igi tútù ló ń gbé iná pẹ́. Ta ló ń kọ́lé?”

N kò mọ ohun tó ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín mi dáadáa, ó ní ìwé ti gba gbogbo ààyè tó wà lórí mi, ó wá ṣàlàyé. Nínú ìdílé wa, bí aládùúgbò bá wá tọrọ iná, wọ́n á bu ẹyín iná sórí àpáàdì fún un, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. A kì í fi iná du ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé tó bá fẹ́ dá ààrò tirẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ obìnrin tó ń lọ ilé ọkọ tàbí ọkùnrin tó kọ́lé, inú pátákò ni wọ́n ń gbé iná sí fún un. Wọ́n á fi pátákò náà sínú ẹyín iná títí iná á fi mú un nínú. Kì í jó lala. Ńṣe ló máa ń rọra jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á bu eérú lé e, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù wé e, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí oníná kò bá lè wá gbé e fúnra rẹ̀, ọmọ ilé mìíràn á gbé e lọ bá a, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pe orúkọ rẹ̀, oníná á sì jẹ́ ẹ kí iná tó wọlé. Àlejò kì í gbé pátákò. Ilé tí òkú bá sì ti jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ tún iná ibẹ̀ dá.

“Ìyàwó rẹ ti fi ilé sílẹ̀ fún ọ,” Ìyá ní. “Ṣé ẹnì kan ti gbé iná wá bá ọ látìgbà náà?”

Mo ní kò sí. Àwọn èèyàn wá kí mi nígbà yẹn, wọ́n gbé ìrẹsì àti omi inú rọ́bà wá, wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí nípa iná. Àánú ara mi ṣe mí lójijì, mo ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá ran iná sínú pátákò náà fún mi, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbé iná relé. Mo dá zẹ́míjàn, ọlọ́kadà tiwa, dúró, mo gun ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi. Kò pẹ́ tí ẹni tó gbé mi fi dúró, tó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó ní òun ń gbọ́ òórùn èéfín. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, iná ló wà lọ́wọ́ mi. Ó wò mí títí, ó ní, “Bàbá, ṣé wọn ò ta ìṣáná ní Adja-Ouèrè mọ́ ni?” Mo ní kó máa wa ọ̀kadà rẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, kò dágbére fún mi.

Ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìyá mi máa ń dáná sí, òkúta ààrò ṣì wà láàárín koríko. Mo tu koríko náà, mo kó igi sí i, mo tú ewé, mo fẹ́ iná. Ó gbà. Mo gbé omi kaná, mo fi wẹ̀, ara mi sì yá gágá lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì mo padà sórí gáàsì mi. N kò sọ ìyẹn fún Ìyá rí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń kó olú kiri. Lára máńgòrò, lára kajú, lára òkú igi lẹ́bàá ọ̀nà Tatonnonkon, ibi tí mo bá ti rí i ni mo ti ń yọ ọ́. Mo máa ń kó wọn sínú àpò sìmẹ́ǹtì, mo sì ń gbé wọn lọ bá Ìyá. Òun á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, á da gbogbo wọn sílẹ̀, á máa pín wọn. Àwọn tó fẹ́lẹ́, tó pọ̀ lórí ara wọn, etí ló ń pè wọ́n. Ó ní iná máa ń mú wọn kíá, á sì kú kíá. Èyí tó ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á, tó máa ń yọ ní ìdí ọ̀pẹ, apa-ọ̀pẹ ló ń pè é, kì í tilẹ̀ fẹ́ kí n gbé e wọlé, nítorí ọ̀pẹ tó bá ti ní in lẹ́sẹ̀ ti ń kú lọ nìyẹn. Pátákò nìkan ni Ìyá máa ń gbé lé itan ara rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó ń jù sẹ́yìn láìsọ orúkọ wọn. Bí mo bá ní kí lèyí ń jẹ́, á ní kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ṣe.

Èmi náà ní bí mo ṣe ń pín tèmi. Mo ní awò kékeré tí mo fi ń wo abẹ́ wọn, ibi tí ihò wọn tín-ín-tìn-ìn-tín wà, tí irúgbìn wọn tí ojú kò lè rí ti ń jáde bí eruku. Mo máa ń sọ fún Ìyá bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe fún olú iná lórúkọ. Láyé àtijọ́, wọ́n kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo olú tó ní ihò lábẹ́ sínú ilé kan ṣoṣo, ti inú ìkòkò àti ti ara igi pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ilé náà ti kún jù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá sọ olú iná ní Fomes fomentarius. Èdè Látìn ni, ohun tí a fi ń ran iná sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì ń sọ, bíi pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ń bẹ̀rù pé a lè gbàgbé. Òmíràn tún wà tó jọ ọ́, tí àwọn Faransé ń pè ní ayédèrú rẹ̀, nítorí pátákò lòun náà jọ. Ní báyìí, wọn kì í wo ìrísí nìkan mọ́. Wọ́n ń wo ohun àjogúnbá tó wà nínú ẹran ara olú náà, wọ́n sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó jọra bí ìbejì kì í ṣe ẹbí rárá, àti pé àwọn kan tí kò jọra rárá, ọmọ ìyá ni wọ́n.

“Àwọn èèyàn náà ráyè o,” Ìyá ní.

Mo rò pé pátákò tiwa kì í ṣe amadouvier gan-an, nítorí ìyẹn fẹ́ràn òtútù àti igi òkè òkun. Àwọn ìbátan ayédèrú rẹ̀ ni mo fura sí. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà, nítorí ó gba ẹ̀rọ ńlá tí n kò ní. Ìyá kò gbà rárá pé ayédèrú ni. Lọ́jọ́ kan, mo gbé pátákò máńgòrò àti ti ìyeyè síwájú rẹ̀, mo fi hàn án pé àwọ̀ inú wọn yàtọ̀, ihò wọn yàtọ̀, nítorí náà orúkọ wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ó ní àwọn méjèèjì ń gbé iná délé, kí ni mo tún ń fẹ́. A jiyàn títí ọbẹ̀ fi tutù. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀, wá dúró lé wa lórí, ó ní kí a jọ̀ọ́, olú tí a kò lè jẹ ni a torí rẹ̀ pa ebi mọ́nú. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ olú mú inú èèyàn dùn lọ. Bí mo ṣe ń lọ, Ìyá ran iná sínú ọ̀kan fún mi. Mo ti dé ojú ọ̀nà nígbà tó fi oríkì mi ké pè mí látẹ̀yìn pé kí n má gbé e sí ọ̀nà atẹ́gùn.

N kò mọ ìgbà tí ìyípadà bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó kó apa-ọ̀pẹ mọ́ pátákò, mo rò pé ojú ló ń dùn ún. Nígbà mìíràn ó bi mí pé ìyàwó mi ńkọ́, mo ní ó wà, nítorí kò rọrùn láti tún ikú sọ fún un. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Bàbá, wọ́n máa ń jí láàárọ̀ kí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ pọn omi fún ìyá àwọn.” Mo ní ọjọ́ orí ni. Mo sọ ọ́ bíi tíṣà, bíi pé bí a bá ti fún nǹkan lórúkọ, a ti rí ojútùú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá dé, ọ̀nà bàjẹ́, ibà sì gbé mi dè fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo tún dé ibẹ̀, Ìyá wà lórí àpótí níwájú ilé. Ó wò mí, ó gbìyànjú láti dìde.

“Ẹ káàbọ̀ o,” ó ní. “Ẹ wá jókòó. Ilé ibo lẹ ti wá?”

Ìyá tó wẹ̀ mí, tó nà mí, tó rún ọkà lẹ́nu ara rẹ̀ kó tó fi sí tèmi, ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá àjèjì ọlọ́lá sọ̀rọ̀. N kò tí ì rí ìwà ọmọlúwàbí tó dun èèyàn tó ìyẹn. Mo jókòó. Mo sọ orúkọ bàbá mi, ó ní òun mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n òun ni, kò ní pẹ́ dé láti oko. Mo sọ orúkọ tèmi, èyí tó wà nínú ìwé, ó ní orúkọ náà dára.

Nígbà tí mo dìde láti lọ, ó ní kò yẹ kí àlejò lọ ní ọwọ́ òfo. Ó wọ ilé ìdáná, ó bu ẹyín iná sórí àpáàdì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. “Ẹ kí àwọn ará ilé,” ó ní. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo mi orí fún un.

Kò sí zẹ́míjàn tí yóò gbé ẹni tó gbé àpáàdì lọ́wọ́. Mo fẹsẹ̀ rìn. N kò tí ì jáde ní abúlé náà tí ẹyín iná fi di eérú, ṣùgbọ́n n kò lè da eérú náà nù. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń kí mi, mo ń dá wọn lóhùn, omijé sì ń bọ́ lójú mi, àgbà bíi tèmi. Àpáàdì náà ṣì wà lórí tábìlì, láàárín àwọn olú.

Mo gbìyànjú láti fi ẹ̀kọ́ mi tu ara mi nínú. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé olú kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá gbé e kúrò nínú ilé kan sínú òmíràn, kò ní mì lára igi rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe olú. Wọ́n ti gbé mi kúrò nínú ilé, mo sì mọ̀ ọ́n lára.

Mo dúró fún ìgbà díẹ̀ kí n tó padà lọ, nítorí ojú ń tì mí láti lọ jẹ́ àlejò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ẹ̀rùn mú, mo lọ sí Massè. Lára ìyeyè yẹn, lókè ibi tí mo ti yọ ti àkọ́kọ́, pátákò kan ṣì wà tó tóbi jù ú lọ. Mo ní bóyá bí ọwọ́ Ìyá bá kan án, ọkàn rẹ̀ á rántí ọ̀nà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti ẹnu ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn jáde. Mo kó mìíràn mọ́ ọn, mo sì gba Oko-Akarè lọ láàárọ̀.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tẹ́ ẹní bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá kí mi, “Ẹ káàbọ̀.” Mo da olú sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń wò wọ́n lásán, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ lọ sí i. Ó gbé etí sí apá kan. Ó gbé apa-ọ̀pẹ mọ́ etí. Nígbà tó kan pátákò, ó yí i dojú dé, ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀.

“Ara igi tútù lẹ ti yọ ọ́ ni, àbí ara igi gbígbẹ?”

Mo ní igi tútù.

“Ibo lẹ̀ ń gbé?”

“Adja-Ouèrè, Ìyá.”

“Mo ní ọmọ kan níbẹ̀,” ó ní. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, èmi ni mo tọ́ ọ.” Ó sì pe oríkì mi. Ó pè é gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pè é, ó fà á díẹ̀ ní ìparí. “Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

“Ìyàwó rẹ̀ kú. Òun nìkan ló wà nínú ilé ńlá yẹn, kò sì mọ ọbẹ̀ sè. Kì í wá mọ́.”

“Màmá!” Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́. “Àwọn náà nìyí! Àwọn ló jókòó níwájú yín!”

Ìyá yẹ̀ mí wò láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú sùúrù. Ó mi orí.

“Rárá o. Ọmọ tèmi kò tí ì hu ewú.”

Ó dìde, ó gbé pátákò náà lọ sídìí ààrò, ó tì í bọ inú ẹyín iná. A jókòó, a ń wò ó, títí iná fi mú un nínú. Ó bu eérú lé e, ó fi ewé wé e. Ó wá gbé e lọ́wọ́, kò sì nà án sí mi. Mo mọ ohun tó ń rò. Àlejò kì í gbé pátákò. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo ọ̀nà bíi pé ọmọ ilé mìíràn lè yọ láti ibẹ̀. Kò sí ẹni tó yọ.

“Ẹ bá mi gbé e fún un,” ó ní nígbẹ̀yìn. “Ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè rán. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má kàn gbé e sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ pè é, kó jẹ́ yín lóhùn kí iná tó wọlé. Ẹ sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń wù mí í rí.”

Mo ní màá sọ fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ náà, ó sì ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ mi jẹ́.

Zẹ́míjàn tó gbé mi padà kò sọ nǹkan kan nípa èéfín. Nígbà tí mo dé ilé, oòrùn ti ń lọ sílẹ̀, ọmọ àwọn aládùúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìta, ilẹ̀kùn wa sì wà ní títì bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo ṣí i. N kò wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ewé gbígbóná náà lọ́wọ́, mo pe oríkì mi sókè, mo fà á díẹ̀ ní ìparí bó ṣe ń fà á. Mo sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń wu Ìyá í rí.

Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ ẹ, mo sì gbé iná wọlé.